Duke Ellington ní Newport 1956: síídì méjì tí mi ò lè pa tì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo rà kí ẹnu mi tó gùn. Síídì méjì nínú páálí kan ni, orúkọ rẹ̀ ni Ellington at Newport (Complete), ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia ló gbé e jáde lọ́dún 1999, ọdún tí Duke Ellington, ọ̀gá olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, ì bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún ká ní ó ṣì wà láyé. Ohun tí bàbá yìí àti bándì rẹ̀ ṣe lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Júlàì 1956 ló wà nínú rẹ̀, níbi àjọ̀dún jáàsì ní Newport, ìlú etí òkun kan ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, mo wá yọ ìdajì kúrò, ẹ máa gbọ́ ìdí ẹ̀ níwájú.

Àlòkù ni mo rà, ẹni tó tà á fún mi ní orí íntánẹ́ẹ̀tì sì kọ ọ́ gàdàgbà pé bíi tuntun ló rí. Bíi tuntun kẹ̀! Mo ṣí páálí, àwọn eyín wẹ́wẹ́ tó máa ń di ihò síídì mú ti kán tán, síídì kejì kàn ń yọ̀ síwá sẹ́yìn nínú ilé ẹ̀ ni, ìwé pélébé tó bá a wá ti ká kò bí ewé tó rí oòrùn. Mo gbé ẹ̀yìn síídì yẹn sábẹ́ iná, mo rí ilà kan tó fà láti àárín dé etí, àyà mi já pàì. Ọlọ́run ló yọ mí, kò fò. Mo kọ̀wé sí i pé kí lẹ fi rán sí mi yìí, títí dòní mi ò rí èsì. Kò burú, ẹjọ́ yẹn kì í ṣe ti orin, mi ò sì yọ máàkì kankan torí ẹ̀.

Ẹ má sì bínú pé "ó" ni màá máa pe bàbá yìí. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ àgbà, àmọ́ tí mo bá ń sọ pé wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n rọlẹ̀, wọ́n tún gbé e, ẹ ò ní mọ̀ bóyá bàbá nìkan ni mò ń sọ ni àbí bándì látòkè délẹ̀. Tí mo bá tiẹ̀ ro ó dáadáa, "wọ́n" yẹn ì bá bá a mu ju bó ṣe bá ẹnikẹ́ni mu lọ, torí ẹni tó bá ń wá Duke Ellington nínú orin ẹ̀ tí kò wo àwọn mẹ́rìnlá tó jókòó tì í, kò tíì rí i rárá. Billy Strayhorn tí wọ́n jọ ń kọ orin fún bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sọ ọ́ nígbà kan pé òótọ́ ni pé Duke ń tẹ dùùrù, àmọ́ bándì ẹ̀ gan-an ni ohun èlò tó ń lò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni síídì yìí jẹ́ kó yé mi, mo ti ń kà á kiri látẹ̀yìnwá bí ẹni ń ka ìwé ìpolongo ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ní kúkúrú: Washington ni wọ́n ti bí Edward Kennedy Ellington ní ọjọ́ 29 oṣù Épírì 1899. Ìgbà tó wà ní kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Duke torí ìmúra àti ìwà ọmọlúàbí ẹ̀, bàbá ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn olówó rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ tábìlì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láàrín àwọn èèyàn ńlá, ọmọ náà rí gbogbo ẹ̀. Oṣù Disẹ́ńbà 1927 ló kó bándì ẹ̀ wọ Cotton Club, ilé fàájì alẹ́ kan ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, wọ́n wà níbẹ̀ títí wọ 1931, àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń kọrin tí wọ́n ń jó, àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé kó wá wòran. Ẹ rò ó wò. Àmọ́ rédíò ń gbé orin yẹn láti ibẹ̀ lọ káàkiri Amẹ́ríkà, ibẹ̀ sì ni orúkọ ẹ̀ ti tàn. Ó kọ orin tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ kó tó kú ní 1974. Mi ò lè ka gbogbo ẹ̀ tán níbí, ẹ jẹ́ ká padà sí Newport.

Kí Newport tó dé, nǹkan ti rọ̀ fún bàbá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn bándì ńlá ń tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, owó tó ń wọlé ò tó san owó oṣù èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́, Count Basie pàápàá ní láti dín tiẹ̀ kù di kékeré fúngbà díẹ̀. Ellington kọ̀, kò tú bándì ká. Owó tó ń rí lórí àwọn orin tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó ń dà á sínú owó oṣù àwọn ọmọ bándì, kó ṣáà lè ní àwọn tó máa lu ohun tó bá kọ lóru nígbà tílẹ̀ bá mọ́. Ẹlòmíì á kọ́lé, tiẹ̀ ni pé kó máa rí etí gbọ́ orin ara ẹ̀. Síbẹ̀, ní 1951, Johnny Hodges tó ń fọn sakisofóònù aláàtò fi í sílẹ̀, Lawrence Brown bá a lọ, Sonny Greer tó ti ń lu dúrọ́ọ̀mù fún un látìgbà ọ̀dọ́ náà lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1955, ibi tí ọ̀rọ̀ dé ni pé bándì tó ti lu orin ní Carnegie Hall, gbọ̀ngàn orin tó lókìkí ní New York, ń lu orin fún àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ṣeré níbi eré omi kan ní Flushing, New York. Eré omi o! Àwọn oníwèé ìròyìn ti ń kọ ọ́ pé ìgbà ẹ̀ ti kọjá.

Nígbà yẹn ni Hodges padà wálé, kí ọdún 1955 tó parí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Alẹ́ Newport fúnra ẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bándì bàbá yìí ni wọ́n fi ṣí alẹ́ náà, ni wọ́n bá ka ara wọn lórí ìtàgé, èèyàn mẹ́rin ò tíì dé. Wọ́n lu orin orílẹ̀-èdè, wọ́n lu orin méjì kan lé e, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ìyẹn wà nínú síídì kìíní, ẹ lè gbọ́ bí ohùn náà ṣe ṣófo lápá kan. Ìgbà tó di nǹkan bí agogo méjìlá òru ni wọ́n tó tún pè wọ́n padà, àwọn èèyàn kan ti ń nàró láti máa lọ sílé. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé bàbá ti bínú, ó bi George Wein tó ń darí àjọ̀dún náà pé ṣé ẹranko tí wọ́n fi ń dá àwùjọ lára yá ni àwọn ni, tí wọ́n fi gbé àwọn sí ìdí pátápátá. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí máìkì báyìí, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀, ohùn náà ń dán bí epo, ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kì wọ́n. Èmi mọ irú àgbà bẹ́ẹ̀. Inú ń ru, ẹnu ń rẹ́rìn-ín.

Orin tó gbé ọjọ́ yẹn ga, 1937 ló ti kọ ọ́: Diminuendo in Blue àti Crescendo in Blue, ọ̀kan ń rọlẹ̀ bọ̀, èkejì ń gòkè lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀, ojú kìíní àti ojú kejì rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n fi wọ́n sí, ó sì dà bíi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò kọbi ara sí i. Ní Newport, bàbá ní kí Paul Gonsalves dìde láàrín méjèèjì, kó fi sakisofóònù tẹ́nọ̀ ẹ̀ so wọ́n pọ̀, kó sì máa fọn ún lọ títí tó bá wù ú. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe irú ẹ̀, wọ́n ti ń dán an wò látìgbà tí Gonsalves ti wọ bándì náà ní nǹkan bí 1950. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó máa rí bó ṣe rí lálẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ blues rí, irú orin tí méjèèjì yẹn jẹ́. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ẹ kà á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀méjìlá, orin ti yí po lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ìyípo yẹn ni wọ́n ń pè ní kọ́rọ́ọ̀sì. Olórin tó mọṣẹ́ á gba méjì, mẹ́ta, ó pọ̀ jù á gba mẹ́fà, á jókòó kí ẹlòmíì gbà á. Gonsalves gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. 27! Kò mí, kò jókòó, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé ó ń pariwo, ìyẹn ló ya èmi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé màá gbọ́ ẹni tó ń figbe ta ni. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, bí ẹni tó ń rojọ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ òun, Sam Woodyard ń lu dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ẹ̀ láìyẹsẹ̀, Jimmy Woode ń fa bàsì, bàbá fúnra ẹ̀ ń tẹ dùùrù ní ẹyọ ẹyọ, á tẹ kọ́ọ̀dù kan gbì, á sì dákẹ́.

Títí di bí ìyípo kẹfà, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ àwùjọ. Lẹ́yìn náà ni ariwo kékeré kan bẹ̀rẹ̀ láti apá kan, ẹ ò ní mọ ohun tó fà á tí ẹ ò bá ka ìtàn ẹ̀. Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú ló dìde níbi àga iwájú tó bẹ̀rẹ̀ sí jó. Àwọn tó wà nítòsí ń wò ó, àwọn tó wà lẹ́yìn ń dìde kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n ń wò, àwọn yẹn náà bá bẹ̀rẹ̀ ijó. Jo Jones, tó ti lu dúrọ́ọ̀mù fún Count Basie lọ́pọ̀ ọdún, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ká ìwé ìròyìn kan lọ́wọ́, ó ń fi na etí ìtàgé fún wọn kí ìlù má bàa yẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìyípo ogún, bí ẹgbẹ̀rún méje èèyàn ti ń hó yèè, ẹ sì máa gbọ́ ohùn bàbá fúnra ẹ̀ látìdí dùùrù, ó ń kígbe sí Paul pé kó máa wà á nìṣó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbàkígbà tó bá débẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tó gbé odindi ìgbésí ayé ẹ̀ sórí àpọ́nlé, ó ń pariwo bí ọmọ ilé ìwé níbi bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí Gonsalves sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bàbá tẹ dùùrù díẹ̀, bándì wọlé padà pẹ̀lú Crescendo, ó ń gòkè ó ń gòkè, Cat Anderson sì gbé tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ sókè téńté lórí gbogbo wọn títí tó fi parí. Èyí tó tẹ̀ lé e, orúkọ tí wọ́n fún un nínú síídì ni ariwo àwùjọ, nǹkan tó sì jẹ́ nìyẹn. Wein bẹ̀rù pé wàhálà máa ṣẹlẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n parí eré. Bàbá ò dá a lóhùn. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó pe Johnny Hodges.

Ẹ̀yin èèyàn, níbí ni mo ti mọ̀ pé ọ̀gá ni ọkùnrin yìí. Ẹlòmíì á tún gbé ohun tó gbóná síwájú wọn, kí wọ́n má tutù. Òun gbé ẹni tó ń fọn jẹ́jẹ́ jù lọ nínú bándì jáde, kó fi I Got It Bad pa iná náà díẹ̀díẹ̀. Hodges yẹn, wọ́n ní ojú ẹ̀ kì í yí padà tó bá ń fọn fèrè, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ló máa ń rí, nígbà mìíràn tí ọwọ́ àwùjọ bá ń sọ gan-an á fi ìka sáré ka owó tí kò sí níbẹ̀ sójú ọ̀gá ẹ̀, pé kí wọ́n rántí owó òun. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu fèrè yẹn! Ó máa ń yọ láti ohùn kan bọ́ sí èkejì bí oyin tó ń kán lára afárá, kò ní jẹ́ kó já. Lẹ́yìn náà ni Jeep's Blues, ariwo tún bẹ̀rẹ̀, ariwo ọ̀tọ̀ sì ni lọ́tẹ̀ yìí, ti ìgbádùn, àwọn obìnrin ń ké bí ìgbà tí ẹnìkan sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan láàrín agbo.

Ohun tí Ellington mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, èmi ò sì tíì gbọ́ ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í kọ orin fún tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, kì í kọ ọ́ fún sakisofóònù, èèyàn ló ń kọ ọ́ fún. Àwọn ìwé orin tí wọ́n ń pín fún bándì, orúkọ èèyàn ló máa ń wà lórí ẹ̀, orúkọ àpèjẹ́ nígbà mìíràn, kì í ṣe orúkọ ohun èlò. Látìgbà Bubber Miley láàrín àwọn ọdún 1920 ló ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin yẹn máa ń fi rọ́bà tí wọ́n fi ń tú ihò omi ilé ìyàgbẹ́ bo ẹnu tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ẹ̀, á máa ṣí i á máa pa á, fèrè á máa sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí onígángan ń fún awọ mọ́lẹ̀ tó ń tú u sílẹ̀. Olórin míì á ní kó lọ fọn ún dáadáa. Ellington gbọ́ ọ, ó sì kọ orin yí i ká. Nínú síídì yìí ẹ máa gbọ́ Black and Tan Fantasy tí àwọn méjèèjì jọ kọ ní 1927, Miley ti kú láti 1932, àmọ́ ìkùn yẹn ṣì wà nínú bándì lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹni tó bá bọ́ sórí àga yẹn ló máa kọ́ ọ.

Ẹ wo Harry Carney, tó ń fọn sakisofóònù ńlá tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ohùn yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló wọ bándì ní 1927, kò kúrò níbẹ̀ títí bàbá fi kú, òun ló ń wa bàbá nínú mọ́tò ẹ̀ láti ìlú dé ìlú, tí àwọn tó kù bá wà nínú bọ́ọ̀sì. Oṣù Máyù 1974 ni Ellington kú, oṣù Òkútóbà ọdún yẹn náà ni Carney tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ní fóònù etí tó dáa, ẹ wá ohùn ẹ̀ nísàlẹ̀ gbogbo orin tó wà níbí, ó dà bí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé lé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọjà gan-an, kí ló dé tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra ti 1999, kí ẹ má ra rẹ́kọ́ọ̀dù 1956, èyí tí Columbia kọ́kọ́ gbé jáde lórí eré yìí? Torí pé irọ́ wà nínú ti 1956, mi ò sì sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni, ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni. Lálẹ́ yẹn, máìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níwájú ìtàgé, ti Columbia àti ti Voice of America, rédíò ìjọba. Gonsalves dìde, ó rìn tààrà lọ síwájú èyí tí kì í ṣe ti Columbia! Ìyípo mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ìdí máìkì tí kò yẹ ló dúró sí. Nítorí náà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orin tuntun tí Ellington àti Strayhorn kọ fún àjọ̀dún náà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè dán an wò kí wọ́n tó gun ìtàgé, ni wọ́n bá kó bándì wọ sìtúdíò ní ọjọ́ 9 Júlàì, wọ́n lù ú látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n wá lẹ àtẹ́wọ́ àwùjọ mọ́ ọn lára. Àwọn èèyàn ra rẹ́kọ́ọ̀dù yìí rẹpẹtẹ, kò sí èyí tó tà tó o nínú gbogbo èyí tó ti ṣe, wọ́n jókòó nílé wọn, wọ́n ń gbọ́ àtẹ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pa fún orin yẹn.

Lẹ́yìn bí ogójì ọdún ni wọ́n rí téèpù Voice of America ní Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà. Phil Schaap tó ṣe iṣẹ́ síídì yìí mú téèpù méjèèjì, ó so wọ́n mọ́ra wẹ́kú, ti ibí sí etí kan, ti ọ̀hún sí etí kejì, ohun tí wọn ò gbà sílẹ̀ ní sítẹ́ríò wá di sítẹ́ríò. Ẹ gbọ́, iṣẹ́ sùúrù ni. Téèpù méjì tí wọn ò yí bákan náà, ẹ̀ẹ̀kan tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ sáré ju èkejì lọ, gbogbo ẹ̀ ti dàrú nìyẹn. Mo fi fóònù etí gbọ́ ọ lóru ọjọ́ kan, mo yọ apá kan, mo gbọ́ apá kejì, mo yí i padà. Ní apá kan Gonsalves wà nítòsí mi débi pé mo ń gbọ́ èémí ẹ̀, ní apá kejì ọ̀nà jìn sí i, ariwo èèyàn ló kún ibẹ̀. Mo gbé méjèèjì sétí, ó wá dà bí ẹni pé mo jókòó sórí koríko yẹn.

Ìdajì ìràwọ̀ tí mo yọ ńkọ́? Ẹ̀bi tèmi kọ́. Àkọ́kọ́, orin tí wọ́n kọ fún àjọ̀dún yẹn, apá mẹ́ta ló ní, apá kìíní gùn jù, wọ́n kàn ń pín iṣẹ́ fọn-tìrẹ-kí-n-fọn-tèmi ni, mi ò gbọ́ orin kan níbẹ̀ tí mo lè fi ṣùpè lọ sílé. Ohun tí wọ́n ṣètò fún alẹ́ náà ò dùn tó èyí tí wọn ò ṣètò, ìyẹn náà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìkejì, Skin Deep, dúrọ́ọ̀mù Woodyard nìkan fún ìṣẹ́jú púpọ̀, ó dáa fún ẹni tó wà níbẹ̀ tó ń wo ọwọ́ ẹ̀, àmọ́ nínú síídì ó sú mi, mo máa ń fò ó. Ìkẹta, ìparí síídì kejì, wọ́n kó àwọn tí wọ́n tún lù ní sìtúdíò síbẹ̀, àtẹ́wọ́ irọ́ àti gbogbo ẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí. Èmi ò ṣe ìwádìí kankan.

Lẹ́yìn alẹ́ yẹn, àwòrán ẹ̀ wà lójú ewé iwájú ìwé ìròyìn Time ní ọjọ́ 20 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1956, òun fúnra ẹ̀ sì máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé Newport ni wọ́n ti bí òun, lọ́dún 1956. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, àwọn adájọ́ ẹ̀bùn Pulitzer fún orin, ẹ̀bùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ pàtàkì, ìgbìmọ̀ tó ga jù kọ̀. Ẹni ọdún 66 ni nígbà yẹn, ó ní àyànmọ́ ń ṣe òun lóore, kò fẹ́ kí òun lókìkí lọ́mọdé. Ha! Ẹ gbọ́ èsì. Ọdún 1999 ni wọ́n tó wá fún un, ọdún tí síídì yìí jáde gẹ́lẹ́, ó ti kú fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Gonsalves ló ń dùn mí jù. Ọmọ àwọn ará Cape Verde ni, Pawtucket ló dàgbà sí, nínú Rhode Island kan náà yẹn, ká sọ pé àgbàlá ilé ẹ̀ ló ti ṣe ohun tó ṣe. Títí tó fi kú, ibi tí bándì bá dé ni wọ́n ti ń bi í léèrè ìyípo mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó dùn jù lọ́wọ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá bi èmi, orin tó falẹ̀ ni. London ló kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù Máyù 1974. Ellington wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn nígbà yẹn ní New York, wọn ò sọ fún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, òun náà lọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì gbọ́ Ellington rí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ síídì kìíní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Diminuendo, kí ẹ gbọ́ ọ tán pátá láìfọwọ́ kan fóònù, ẹ lọ sórí Hodges, lẹ́yìn náà kí ẹ wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bó bá wù yín. Ẹni tó ti ní rẹ́kọ́ọ̀dù 1956 lọ́wọ́, ẹ má sọ ọ́ nù o jàre, ẹ kàn fi gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹ sì bi ẹni tó ń tà á fún yín bóyá eyín inú páálí pé.

Ìparí eré lálẹ́ yẹn, Mood Indigo ni. Ó kọ ọ́ ní 1930, ohun tó sì ṣe níbẹ̀ ṣì ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin lẹ́nu títí dòní: ó gbé klarinẹ́ẹ̀tì tó máa ń wà lókè lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ó jẹ́ kí tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti tùròńbóònù fi nǹkan dí ẹnu wà lókè rẹ̀, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá papọ̀ di ohun kan tí ẹ ò lè sọ pé èyí ni ti lágbájá. Ní Newport, wọn ò lù ú gùn. Bàbá ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń kí wọn, àwùjọ tó ń hó bí òkun níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti ń wá bàtà wọn. Wọ́n dágbére fún wa, wọ́n rọlẹ̀, wọ́n rọlẹ̀. Mo máa ń pa á níbẹ̀ kí àtẹ́wọ́ sìtúdíò tó bẹ̀rẹ̀.